Ọkọ̀ Onípẹtà Tí Bàbá Àwọn Ọmọ Gbé Wálé

                                                  Ojúlé Kejìlélógún,
                                                  Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Bàbá ilé ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà láàárọ̀? Àbíkẹ́yìn rẹ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti yege? Mo gbọ́ pé ọmọọmọ rẹ kékeré ti ń sáré ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ kú ìtọ́jú o. Àwa náà wà láàyè, a ń jẹ, a ń mu. Mo gba lẹ́tà rẹ méjèèjì. Pé n kò fèsì kì í ṣe ti àìnáání. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ló ju ẹnu mi lọ. Lónìí mo ní n ó sọ ọ́ fún ẹnì kan, n kò sì rí ẹlòmíràn.

O rántí ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn méjì tí ọkọ mi ń wà nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, èyí tí o bì sí nígbà oyún àkọ́bí rẹ, tí o bẹ̀ mí kí n má sọ fún un? (N kò sọ títí dòní.) A tà á nígbà tí àwọn ọmọ di mẹ́ta tí kò gbà wá mọ́. Lọ́dún kejì tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìtẹ̀wé, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń lọ ra ìṣó. Nígbà tí yóò fi padà, ọkọ̀ akẹ́rù ló tẹ̀lé e wálé, irú ọkọ̀ wa àtijọ́ yẹn gan-an ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, òkú ọkọ̀ ni. Ìpẹtà ti jẹ abẹ́ rẹ̀ débi pé o lè jókòó sínú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ kanlẹ̀. Koríko hù nínú búùtù. Adìyẹ ti yé síbẹ̀ rí, èèpo ẹyin ṣì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Mo bi í pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn onírin àlòkù lòun ti bá a, wọ́n ti fẹ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, àti pé iye tí òun rà á kò ju iye bàtà méjì lọ. Mo ní bàtà tó bá rí báyìí, ẹsẹ̀ lásán ni n ó máa rìn.

Owó ìfẹ̀yìntì kò tó nǹkan, o kúkú mọ̀, nítorí náà kò ra ohun tuntun níbi tí àlòkù bá wà. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dà nù ní ilé ìtẹ̀wé ló bẹ̀bẹ̀ fún, òun ni wẹ́dà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa gé tó sì jó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà. Iná iwájú méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan pọ́n díẹ̀ ju èkejì lọ. Èmi tí mo ti búra pé n kò ní dá sí i, èmi ni mo fi kọ́tìnnì pálọ̀ wa àtijọ́ rán aṣọ ìjókòó. Nígbà tó yá mo di ẹni tó ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Nígbà tó tún yá, mo mọ orúkọ irinṣẹ́, tó bá na ọwọ́ láti abẹ́ ọkọ̀, n ó gbé èyí tó fẹ́ lé e lọ́wọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Adúmáadán, inú wa dùn. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn, a kò tíì jọ rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, kò fẹ́ wò mí lójú.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ wá wo ilẹ̀kùn yìí."

Ó gbé ìka sí ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, ó tẹ̀ ẹ́, irin náà sì wọlé bí páálí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ti kun ilẹ̀kùn yẹn lọ́dà. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ, ọkọ mi á tún fi sáńpépà ha á dànù, á ní kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Láná, wọ́n bi mí pé ta ló rán mi wá."

Kí n má parọ́ fún ọ, mo ti ń rí i, mo kàn ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Mo ti bá bóòtù ọkọ̀ nínú agolo ṣúgà. Mo ti gbọ́ tó ń bèèrè ìyá rẹ̀, tí a ti sin láti ogún ọdún. Mo ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ orí ni. A lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà sì fi sùúrù ṣàlàyé pé àrùn tó ń jẹ ìrántí ni, kò lóògùn, iwájú ló ń lọ, kì í padà sẹ́yìn. Ọkọ mi fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì kí dókítà pé ó kú iṣẹ́. Bí a ṣe dé ìta, ó bi mí pé ara ta ni kò yá.

Ìwọ lo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kì í fi "ẹ" bá ọkọ mi sọ̀rọ̀, pé àwa méjèèjì ń "ìwọ" ara wa bí ọmọ iléèwé. Ẹgbẹ́ ni wá, bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù kan lẹ́yìn tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo gbé omi lọ bá a nídìí ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú wàhálà mi." Ọdún méjìlélógójì! Mo padà sí ilé ìdáná.

Àkọ́bí wa wá, ó ní ká ta ọkọ̀ náà kí bàbá òun sinmi. Mo kọ̀ jálẹ̀. Kò gbé pẹ̀lú wa, kò rí ohun tí mo ń rí. Ohun tí ẹnu bàbá rẹ̀ ti gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ẹni tí kò lè pe orúkọ ọmọ rẹ̀ á tú kabúrẹ́tọ̀, á fọ̀ ọ́, á sì tò ó padà, kò ní ku ẹyọ kan nílẹ̀. Nídìí ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo ti ń rí ọkọ mi. Nítorí náà, èmi àti wẹ́dà àti mẹkáníìkì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wẹ́dà náà fara dà á. A pààrọ̀ ilẹ̀kùn tó tín-ínrín yẹn, a sì tọ́jú sáńpépà kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà dáhùn, ó wúkọ́ bíi pé ó fẹ́ kú, ó tu èéfín dúdú lé wa lórí, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkọ mi gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pa ojú dé. Ó fi gbé mi yí àdúgbò ká, kò ṣi jíà kan, kò ṣi ọ̀nà kan. Ó pe orúkọ mi. Mo rò pé Ọlọ́run ti dá a padà fún mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń jáde. Kí n tó dé iwájú ilé, ó ti lọ. Wẹ́dà fi alùpùpù gbé mi, a wá a títí. Ẹnu géètì iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa lọ nígbà èwe wọn ni a ti rí i. Ó ní òun wá gbé àwọn ọmọ wa wálé. Ó ń bínú pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Abẹ́ táyà rẹ̀ ni báàgì ọmọbìnrin kékeré kan wà, ìwé ti ya jáde nínú rẹ̀. Ọmọ náà ti fò sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń wò mí. Ìbá sàn kó pariwo.

Mo kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Ó tú ilé, ó da dúrọ́ọ̀ dànù, ó ń sunkún pé olè ti wọlé. Ọjọ́ méjì ló fi wá a, kò jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, nígbà tó sùn lórí àga, mo pe oníṣẹ́ wáyà ọkọ̀. Mo ní kó yọ wáyà kan tí ojú kò ní tètè rí, kí ọkọ̀ náà má lè jí mọ́.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyá, ọkọ̀ tí ẹ fi ọdún méjì tún ṣe?"

Mo ní, "Yọ ọ́."

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sórí ìṣó rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀, ọkọ mi á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á máa wá ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Á tú pulọ́ọ̀gì, á fọ̀ ọ́, á dá a padà. Á ní kí n jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, kí n yí kọ́kọ́rọ́. N ó yí i. Kò ní dún. Á bẹ ojú wò mí láti ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, "Má mikàn, a máa rí i." Lọ́jọ́ mìíràn á pe orúkọ mi mọ́ ọn. Èmi tí mo mọ ibi tí wáyà wà, n ó sì jókòó síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò sọ fún àwọn ọmọ. Ṣé ìkà ni mo ṣe, àbí ìtọ́jú? Inú rẹ̀ ń dùn nídìí iṣẹ́ náà, mo rí i. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, èmi ni mo sì fún un ní iṣẹ́ tí kò lè parí. Sọ òtítọ́ fún mi, má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Bí orúnkún bá gbà, wá. Ó lè dá ọ mọ̀.

Bá mi kí bàbá ilé, kí o bá mi gbá àwọn ọmọọmọ mọ́ra. Sọ fún àbíkẹ́yìn rẹ pé mo ń gbàdúrà fún ìdánwò rẹ̀. Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ sí i, ṣùgbọ́n ó ń pè mí láti ìta. Ó fẹ́ kí n wá yí kọ́kọ́rọ́.

                                                  Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,
                                                  Ẹlẹ́rìn-ín Ẹ̀yẹ.