Ìbẹ́pẹ Dúdú tí Mo Dà Nù

Ìyé mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ní Òkè-Ìlá; àwọn gan-an ni mo fẹ́ kó gbọ́ lẹ́tà yìí, ìdí rèé tí mo fi ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbangba ni mo ti bú yín, ẹ̀bẹ̀ mi kò gbọdọ̀ jẹ́ ti kọ̀rọ̀.

Òtútù ìlú òyìnbó kò ṣe é fẹnu sọ. Ilé àyẹ̀wò ni mo ń wà látàárọ̀, tí mò ń fọ àwo tí a ń sin kòkòrò àìfojúrí sí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní orúkọ tí ẹ sọ mí.

Ẹ rántí ọdún tí wọ́n pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà, tí àdá ṣá Bàbá lẹ́sẹ̀ lóko. Ẹ gún ìbẹ́pẹ, ẹ dì í mọ́ egbò náà. Èmi tíṣà sáyẹ́ǹsì tú u dà nù lójú ẹbí, mo ní ìdọ̀tí ni. Nígbà tí egbò náà kẹ̀, tí dókítà gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo ní ìbẹ́pẹ yín ló fà á. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n Bàbá ò ti jẹ́ kí ẹ sinmi.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá mi bi mí léèrè èso tí a fi ń wo egbò nílé. Mo rántí ohun tí ẹ wí lọ́jọ́ náà, pé "ubẹ́pẹ dúdú" ni. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un pé ìbẹ́pẹ aláwọ̀ dúdú. A jẹ́ kó rà títí ó fi dà bí èédú. Ńṣe ni kòkòrò fi í ṣe oúnjẹ. Ọ̀gá mi fi oògùn yín rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mí títí di òní.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin ará Ìgèdè kan ládùúgbò wa ní kí n bá òun ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú. Èyí tí kò tíì pọ́n ni mo mú láìronú. Ibẹ̀ lojú ti tì mí: dúdú tí ẹ wí lọ́jọ́sí, èyí tí kò pọ́n ni. Mo padà lọ fi oje ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n sínú àwo. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kòkòrò kò sún mọ́ ọn rárá. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Èmi gun ọkọ̀ òfurufú.

Àwo kì í ṣe ẹsẹ̀, n ò lè búra pé ìka Bàbá ì bá ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ yín kò pé ọjọ́ kan lójú egbò náà. Omi odò ni mo fi fọ egbò náà lẹ́yìn tí mo tú ìbẹ́pẹ yín, Ìyé mi, n kò sì se omi náà. N ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ fi ìyá mi sílẹ̀. Ìyé mi, kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi, kí ẹsẹ̀ Bàbá má ṣe dùn ún mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kí ẹ sì bá mi bẹ Bàbá.

Èmi tí mo jẹ̀bi, ọmọ yín,
Adé