Agbálùmọ̀ Tí A Kì Í Ká

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Fẹ́búárì 1992

Alága mi, igi yín ti wọ yunifásítì. Tiwalọlá, ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí ní Akọka, wá ṣa agbálùmọ̀ lábẹ́ rẹ̀ lónìí, ẹ̀kún àpò kan. Èèpo ló fẹ́, kì í ṣe inú! Ó ní ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa jẹjẹrẹ nínú àwo gíláàsì, pé bóyá ó tún lè fa ọwọ́ ogbó sẹ́yìn díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo èèpo tí a ti gbá dànù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yìí!

Lẹ́yìn náà mo rántí yín, ọkọ mi. Jẹjẹrẹ kan náà ló mú yín lọ, bẹ́ẹ̀ igi yín wà lẹ́yìnkùlé.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì

Lydia, ìyàwó Solomon tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, fi èèpo pa ojú kó lè padà di ọmọge. Oje lẹ̀ mọ́ ọn nípèéǹpéjú bíi gọ́ọ̀mù. Epo pupa la fi bó o. Solomon ní, "Ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́mọge? Ìyá àwọn ọmọ mi ni mo fẹ́ o!" Bí ẹ bá wà ńlé, ẹ̀rín ì bá pa yín.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Fẹ́búárì

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi dé, àbúrò yín. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ tó bá nílé, orúkọ tí mo sọ wọ́n nígbà náà ni mo ṣì ń pè wọ́n — bí wọn ò tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́.

Kókó kan wà lọ́yàn wọn. Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní ó ṣì kéré, kí wọ́n wá fún iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejìdínlógún.

Wọn ò lọ, wọ́n ní. Lydia ti sọ ti èèpo fún wọn láti ẹnu géètì. "Ìyàwó, igi ẹ̀gbọ́n mi ló máa wò mí sàn. Ọ̀bẹ kọ́."

Ọjọ́ Ajé, 10 Fẹ́búárì

Mo sáré lọ bá Tiwalọlá. Ó fọwọ́ lérí. "Mọ̀mí, ẹ dákun! Inú àwo ni o. Bí mo bá da kẹrosíìnì sí àwo yẹn, jẹjẹrẹ á kú. Ṣé ẹnìkan á wá mu kẹrosíìnì? A ò tíì dán an wò lára ènìyàn kankan. Ẹ ní kí wọ́n lọ."

Ọjọ́rú, 12 Fẹ́búárì

Mo jíṣẹ́. Wọ́n gbé àga yín sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ èèpo, ètè wọn lẹ̀ pọ̀. "Tí àsìkò agbálùmọ̀ bá parí, n ó lọ. Èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ ni mò ń jẹ, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe là á sílẹ̀."

Òfin yín nìyẹn. A kì í ká agbálùmọ̀. Mo wòkè — igi kún fọ́fọ́. Ó di Éépírì kó tó tán.

Ẹ̀yin náà ní kí àgbo tán nínú ìkòkò ná, kẹ́ ẹ tó lọ sí ọsibítù. Mo dúró kó tán.

Ta sì ni mí, ìyàwó ilé, tí n ó pàṣẹ fún ọmọ ọkọ?

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Fẹ́búárì

Igi kì í ṣe ọmọ ọkọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Fẹ́búárì

Alága, ẹ má bínú. Solomon gùn ún, ó mú gọ̀ngọ̀ gígùn dání. Pípọ́n, tútù, àìgbó — a ká gbogbo rẹ̀. Tiwalọlá kó àpò lọ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Lydia ń pariwo, "Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ojú mi!" Nígbà tó tán, ojú ń tì mí láti wo igi náà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ìta dé nírọ̀lẹ́. Wọ́n wòkè. Wọ́n wolẹ̀.

"Ìyàwó. O ká agbálùmọ̀ ẹ̀gbọ́n mi?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní àsìkò ti parí, àwọn ni wọ́n sì ní tó bá parí àwọn á lọ. Wọ́n gbé àga yín wọlé, wọ́n sì tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì

Wọ́n lọ. Èmi ni mo gbé báàgì.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Fẹ́búárì

Wọ́n ti gé e kúrò. Dókítà ní ó jọ pé a tètè dé, ṣùgbọ́n a ó ṣì máa padà lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyàwó olórí kunkun. Ẹnu mi kò dùn. Kò wá ṣẹ́ku ẹyọ kan?"

Mo ní kò kù.

Mo délé, mo bá ọ̀kan lábẹ́ igi. Solomon ò rí i lókè. Ó pọ́n dáadáa, ó já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ ṣeun, Alága.

Mo ti fọ̀ ọ́. Lọ́la, n ó gbé e lọ fún wọn. Inú ni tiwọn. Èèpo, ti Tiwalọlá ni.