Bí A Ṣe Pín Afárá

Mùbárákà ọmọ mi,

Àsàlámù àláékù. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ o. Bí o bá ń bèèrè tèmi, ara le, ọ̀nà nìkan ni n kò rí gbà, afárá odò wa ló sì fà á.

Ẹnjiníà obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, Rose lorúkọ rẹ̀, ó ní ìtàn afárá náà lòun ń kọ, pé ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irin sínú kọnkéré wọn lágbègbè yìí. Mo sọ fún un pé bàbá mi wà lára àwọn tó ru òkúta rẹ̀, pé nígbà tí àwọn àgbà rí òyìnbó tó ń da kọnkéré bo irin, wọ́n ní ta ló ń rìn lórí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin? Ewúrẹ́ bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ tì kọjá, nígbà tí kò kú ni gbogbo abúlé tó tẹ̀lé e. Rose ní àwọn bàbá yín ló ṣe é, ẹ̀yin lẹ ni ín, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Bó ṣe lọ tán ni Àfáà Waliyullah sọ pé ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni ká má pín in. La bá fi okùn wọn afárá, a pín in. Àárín bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi, Àǹtí rẹ Toyibat. Mo ní kò ṣeé ṣe, ewúrẹ́ ilé wa ló ṣí afárá, èmi sì ni àgbà. Ó ní kò burú, kí n má tẹ ilẹ̀ òun mọ́. Gbogbo ayé ló ń kọjá báyìí àfi èmi, kódà ewúrẹ́ mi ń kọjá.

Mùbárákà, inú mi bàjẹ́. Iléyá ń bọ̀, n kò sì jẹ ẹran Iléyá láìsí Toyibat rí látìgbà tí ìyá wa ti bí i. Mo pè é lórí fóònù, omidan kan ló gbé e, ó ní ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún ń sọ, mo wá mọ̀ pé Toyibat ti rí omidan náà ṣáájú mi. Ni mo bá rán Àfáà. Toyibat ní òun ti dárí jì mí, kí n ṣáà fẹsẹ̀ ara mi wá bẹ òun nílé, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ òun. Ìwọ náà mọ̀ pé òdìkejì odò nilé rẹ̀ wà.

Nítorí náà, jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Màá gba Ilo-Awela já sí Tóògéètì Ṣàngó, màá wọkọ̀ dé Ìyànà Iyesi, màá wá gun ọ̀kadà gba ẹ̀yìn wọ abúlé lápá òdìkejì odò, kí n lè lọ bẹ àbúrò mi tí mò ń wo èéfín ààrò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà mi níbí.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ, kò sì ní fún ẹnikẹ́ni ní àárín rẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Àmọ̀dá