Fìlà Sájẹ́ńtì

Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Tẹlifíṣàn tuntun dé! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán. Èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní ìwé kẹrin — àwọn tó kàwé yanjú ń jókòó lórí àga tí mo kàn, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀gá káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú wá bá mi wò ó. Àwa méjì ló kù nínú àwọn ọmọ tó máa ń rọ̀ mọ́ fèrèsé onílé wa nígbà èwe, tí à ń wo Sájẹ́ńtì Kánjúkánjú lórí tẹlifíṣàn rẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń mú olè kí olè tó jalè!

Ọjọ́rú, 4
Mo pe Ẹ̀gbọ́n. A kọ orin Sájẹ́ńtì, a rẹ́rìn-ín. Mo ní, fìlà pupa rẹ̀ yẹn. Ó ní búlúù ni. Mo ní pupa. Ó ní ṣé ojú òun fọ́ ni? Mo ní tèmi ò fọ́ ṣá. Ó ní, “Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ìwọ tí mo máa ń nu ikun fún!” Mo ní ẹni tó bá pè é ní búlúù, kó má jókòó sórí àga mi. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ẹtì, 6
Kò gbé fóònù. Pupa ni.

Àìkú, 8
Ẹ̀gbọ́n ò wá. Ìyàwó mi ní, “Ṣé fìlà náà ló máa wá bá yín ṣeré báyìí?” Mo ṣe bí ẹni ń wo ìròyìn. Tẹlifíṣàn wà ní pípa.

Ìṣẹ́gun, 10
Àbíkẹ́yìn mi obìnrin rí Sájẹ́ńtì lórí fóònù! Mi ò jẹ́ kó tàn án. Kó lọ gbé Ẹ̀gbọ́n wá ná, kí ojú lè ti ẹni tí yóò tì. (Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni.)

Àbámẹ́ta, 14
Ẹ̀gbọ́n dé — aṣọ búlúù látòkè délẹ̀! Kò wò mí, tẹlifíṣàn ló ń wò. Ọmọ fi fóònù tàn án síbẹ̀. Orin dún, Sájẹ́ńtì sáré jáde — fìlà rẹ̀ rí bí eérú! Kì í ṣe pupa, kì í ṣe búlúù. Dúdú òun funfun ni gbogbo ẹ̀.
A wo ara wa. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ ké: “Ọ̀rá onílé!”
Háà! Onílé wa, tó fẹ́ kí ayé gbà pé tẹlifíṣàn òun ní àwọ̀, ó lẹ ọ̀rá aláwọ̀ mẹ́ta mọ́ ojú rẹ̀: búlúù lókè, pupa láàárín, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Tí Sájẹ́ńtì bá dìde, fìlà á di búlúù. Tó bá jókòó, á di pupa.
Ẹ̀gbọ́n ní ibi tó ti ń lé olè lòun máa ń dúró dè. Èmi — ibi tó ti jókòó sídìí tábìlì, tó ń pàṣẹ.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú ẹ̀. “Ṣòkòtò ẹ ya nídìí nígbà yẹn, síbẹ̀ ọ̀gá lò ń wò!”
Ó sún, ó ní kí n jókòó ti òun. Nínú gbogbo ẹni tó ń pè mí ní ọ̀gá, òun nìkan ló mọ ṣòkòtò yẹn.