Ẹ Bá Mi Kí Wọn

                                        Basement, 47 Taradale Close,
                                        Calgary, Alberta.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2016.

Olúgbémiga, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bísọ́lá ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Roseline ṣì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, snow sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún. Mo ti béèrè gbogbo ilé tán àfi ẹnìkan, tirẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ọpẹ́ ni mo fi lẹ́tà yìí wá dú lọ́dọ̀ rẹ.

O mọ̀ pé nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, iléeṣẹ́ wa ní kí àwa ẹnjiníà máa lọ sílé. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó. Foothills Industrial, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́, ni mo ti wá rí iṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn bàbá òyìnbó méjì tó ń tẹ ìwé ìròyìn òṣèlú kékeré kan. Èmi ni mò ń dì í, tí mò ń lẹ àdírẹ́sì mọ́ ọn. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, òun ló ń bọ́ wa.

Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ wọn gan-an ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ nà lóṣooṣù, ó ti pé ogún ọdún. Ìgbà tí iṣẹ́ wọ́n nílùú ni ọ̀rọ̀ wá dàrú láàárín wọn. Ọ̀gbẹ́ni Harlan ní kí ìjọba ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò ná. Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ní ẹni tó bá lóun fẹ́ràn ìdílé, ìsìn àti iṣẹ́ àṣelàágùn kò gbọdọ̀ lé àwọn tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Harlan yíjú sí mi, ó ní kì í ṣe èmi lòun ń bá wí, èmi dáa. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Pruitt gbé kóòtù rẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ ní Chestermere lọ. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọn ò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, ni Harlan bá lẹ ìwé mọ́ ògiri pé tí oṣù bá parí, ìwé ìròyìn náà parí nìyẹn.

Mo délé, mi ò lè jẹun. Roseline ní, "Kọ̀wé sí wọn jàre. Ṣé wọ́n tún lè sack ẹ lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Mo kọ ọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, pé kí wọ́n má ti iléeṣẹ́ náà pa. O rántí bí Tíṣà Ọlábánjọ ṣe nà mí nígbà tí mo béèrè àlàáfíà ìyàwó alága ìjọba ìbílẹ̀ nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀? Ìwọ lo rẹ̀ mí lẹ́kún, tí o ní tòun ti pàṣán, lẹ́tà tí kò bá ní "bá mi kí lágbájá" kò tíì parí. Àṣìṣe yẹn náà ni mo tún ṣe. Mo béèrè orúnkún Harlan, mo béèrè ajá Pruitt. Nísàlẹ̀, mo ní kí Harlan bá mi kí Pruitt, kí Pruitt náà bá mi kí Harlan. Ẹnu lásán ni, bí a ṣe ń ṣe é nílé.

Àṣé Harlan rò pé iṣẹ́ ni mo rán òun! Ó ní òun kì í gba iṣẹ́ kóun má jẹ́ ẹ. Ó gbé fóònù lójú mi, ó pe Pruitt, ó ní, "Kànmí says hello." Pruitt ní Kànmí ti ní kí òun náà kí i. Harlan bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Wọn ò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ àwọn àlejò náà. Nínú ìwé oṣù yìí, ọ̀rọ̀ Harlan wà lójú ewé kan, ti Pruitt kọjú sí i, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Àná ni mo dì í. Wọ́n ti ya ìwé ara ògiri. O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀kọ́ rẹ ló gbà mí.

Bá mi kí Bísọ́lá àtàwọn ọmọ. Mo gbọ́ pé láti ìgbà ìdìbò ọdún tó kọjá, ìwọ àti Ládélé àbúrò rẹ ò jọ sọ̀rọ̀ mọ́, torí ẹgbẹ́ tó dìbò fún. Bá mi kí i. Má rán ọmọ, má sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù Bísọ́lá. Iṣẹ́ ni mo rán ọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí èsì Ládélé,

Kànmí