Omi Òkè, Omi Ilẹ̀

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ẹ má bínú sí mi, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà yìí sí yín. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà láyé ni, ẹ ò ní gbà á. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi òsì gbé omi fún yín, tí ẹ dà á sílẹ̀ pátá, tí ẹ sì ní kí n lọ bu òmíràn wá? Ẹ fara dà á fún mi lónìí. Igi pẹlẹbẹ àti aṣọ ni wọ́n fi di ọwọ́ ọ̀tún mi. Ìka mẹ́ta ló fọ́ níbẹ̀. Ẹni tó fọ́ wọn ni Ràṣídì, àkọ́bí yín.

Ilé ṣì dúró. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n òpó iwájú méjèèjì dúró, ibojì yín sì wà lábẹ́ igi àgbọn bó ṣe wà.

Táǹkì yín ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀, táǹkì irin tí ẹ gbé sórí dẹ́kìn kọ́ńkéré yàrá Màmá. Àràárọ̀ lẹ máa ń gun àkàbà lọ gbá a lábàrá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ lè fi etí mọ ibi tí omi dé nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti kú, ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbá a mọ́. Ká ní a gbá a ni, bóyá à bá ti gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọ̀sà kún, ó wọ àgbàlá, ó gbé pákó ọkọ̀ tí ẹ ò kàn tán lọ, ṣùgbọ́n kò gun àtẹ̀gùn iwájú ilé tán. Màmá ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n ti igi bọ inú ọ̀dà dúdú tí ẹ fi ń dí ojú ọkọ̀, wọ́n sì fa ìlà sára òpó níbi tí omi dé. Ìlà wọn wọ́, kò gún bíi tiyín. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n sùn.

Páìpù abẹ́ táǹkì ló kọ́kọ́ já. Mo wà ní ilé ìdáná, ó dún bí ìbọn. Kí n tó dìde, táǹkì ti já dẹ́kìn wọlé, ó fọ́ bẹ́ẹ̀dì túútúú, omi inú rẹ̀ sì ti ògiri ẹ̀yìn ṣubú lulẹ̀. Omi náà gbé mi, ó là mí mọ́ ìlẹ̀kùn, ó tún yọ ìlẹ̀kùn lù mí. Nígbà tí mo rí Màmá, ẹsẹ̀ wọn wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó kọjú sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Mo fi ọwọ́ lásán wú àwọn búlọ́ọ̀kù náà títí èékánná mi fi ṣí. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń bá omi ṣàn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè, Bàbá. Wọn ò pe tèmi.

Ẹ rántí ìwé ìnṣọ́ránsì yín? Oníbàárà kan tí ẹ kan ọkọ̀ fún ló mú yín débẹ̀, gbogbo Ajah sì fi yín rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ lọ ra jàǹbá sílẹ̀ de ara yín. Ìwé yẹn nìkan ló kù wá kù. Ràṣídì ti bá àwọn tó ń ra ilẹ̀ kọ́ estate sọ̀rọ̀. Ó ní bí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ò bá tún ilé ṣe, òun á tà á tòun ti ibojì.

Ọkùnrin tí iléeṣẹ́ náà rán wá dé nígbà tí àgbàlá ṣì kún, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Kò yí ilé ká, ó kàn na fọ́ọ̀mù sí mi. Mo bi Màmá léèrè ohun tí n ó kọ. Wọ́n ní, “Omíyalé ni, ọmọ mi. Omíyalé ló ká mi mọ́lé.” Èmi olùkọ́ èdè òyìnbó, èmi tí mo máa ń fi gègé pupa ba ìwé àwọn ọmọ jẹ́, mo kọ ọ́ gàdàgbà: flood. N ò tilẹ̀ dúró rò ó. Màmá tẹ̀ka sí i.

Ta ló máa ń bi omi léèrè ibi tó ti wá nínú wa? Bó bá ṣáà ti ya wọ ilé, omíyalé ni.

Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kọ̀wé padà pé àwọn ò gbà. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá wọn l'Ékòó. Mo pariwo, mo fi ìkúùkù lu tábìlì ọkùnrin náà. Kò gbaná jẹ. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ kọ flood. Cover yìí, omi táǹkì àti páìpù inú ilé tó bá bẹ́ ló wà fún. Omi ọ̀sà ò sí níbẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá ní nǹkan tó máa show pé ọ̀sà ò wọlé, ẹ pè mí, màá wá.”

Nígbà tí mo padà délé, mo yọ ìwé yín lábẹ́ Kùránì yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa kà á nìyẹn. Létí ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ wínníwínní, ẹ ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá: OMI ÒKÈ, BẸ́Ẹ̀ NI. OMI ILẸ̀, RÁRÁ. Ẹ̀yin tí ẹ ò kọjá kíláàsì kejì! Ẹ ti ní kí ẹnì kan là á yé yín, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ dè wá, èmi ọ̀mọ̀wé ò sì ṣí i wò. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Àbí ẹ sọ, tí n ò fetí sílẹ̀? Ojú tì mí gan-an. Ibi tí mo ti ń sunkún ni mo ti rántí ìlà ọ̀dà ara òpó.

Ìgbà yẹn náà ni mo gbọ́ òòlù. Ràṣídì ti gbọ́ pé wọ́n kọ̀. Ó ti fi òòlù ńlá lu òkú táǹkì náà di pẹlẹbẹ, ó sì ti kọjú sí òpó iwájú, ó ní kí ilé kúkú wó tán. Mo sáré jáde, mo ké sí i pé ìlà omi wà lára òpó yẹn, pé òun la máa fi hàn wọ́n. Ó ní, “Ìlà kí ni! Òyìnbó rẹ ló wó ilé yìí!” Ó gbé òòlù sókè. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi bo ìlà náà.

Bàbá, ṣé ó rí ọwọ́ mi?

Mo gbọ́ bí eegun ṣe run. Mo fò mọ́ ọn, mo bu èjìká rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi kún ẹnu mi. Mo fi òsì he àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, mo là á mọ́ ọn lórí, mo sì fẹ́ là á lẹ́ẹ̀kejì. Ká ní kò ṣubú ni, ǹ bá pa á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn, n ò ní parọ́ fún yín. Nígbà tó dìde, ó wo ọwọ́ mi, ó ju òòlù sínú ọ̀sà, ó lọ. A ò tíì rí i láti ọjọ́ náà.

Ọkùnrin ìnṣọ́ránsì padà wá lóòótọ́. Ó na téèpù láti ìlà Màmá dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i pé omi ọ̀sà ò tó àtẹ̀gùn kejì. Ó wo àwọn ìlà tiyín ti àwọn ọdún tó kọjá, ó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ mọ́ òpó. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun. Mo fi òsì kọ ọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: táǹkì já, omi rẹ̀ wó ògiri, ògiri ṣẹ́ ìyá mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n gbà. Àwọn bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀yìn. Wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ òpó iwájú náà, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti ẹ̀ ni.

Bàbá tó ń to eegun ní Igbó Ẹfọ̀n sọ pé ìka méjì lè má nà mọ́. Màmá ṣì ń bu oúnjẹ Ràṣídì sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo tún ìwé yín kà láti òkè dé ìsàlẹ̀, n ò sì rí ibi tí wọ́n ti mẹ́nu kan ohun tí ọmọ ìyá ẹni bá fọ́.

Bí Ràṣídì bá wá síbi ibojì yín, ẹ bá mi bi í bóyá ó rí ọwọ́ mi. Èmi ò lè bi í, nítorí bó bá ní òun rí i, n ò mọ ohun tí n ó fi òsì yìí ṣe.

Èmi ọmọ yín, tí mo fi ọwọ́ tó kù mí kù kí yín tìfẹ́tìfẹ́.