Síìtì Tí A Fi Àdá Ṣán

Ìgbó-Ọsàn, lẹ́bàá Ṣákẹ́tẹ́,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun

Kafilath ọmọ mi, Àwẹ̀ró ọmọ Soumanou,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú eré sísá, mo sì kí ọ kú orí kẹ̀kẹ́, nítorí n kò mọ èyí tí lẹ́tà yìí máa bá ọ lẹ́nu rẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tí o ní ó ń dùn ọ́ ti rọlẹ̀? Àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní àdúgbò Akron, ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, ńkọ́? Ọlọ́run Ọba tó fún ọ ní ẹsẹ̀ méjì kò ní jẹ́ kí o fi wọ́n rìn sí ibi tí kò dáa. Bí o bá ń sáré, wàá yára ju ẹni tó ń lé ọ lọ, bí kò bá sì sí ẹni tó ń lé ọ, gẹ́gẹ́ bí o ti sọ fún mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí èmi náà mọ ìdí tí o fi ń sáré. Àmín.

Àwa náà wà dáadáa. Barakatou ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Àgbàdo ti gbó. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ọ̀kan nínú wọn kì í sùn àfi nínú agbọ̀n tí mo fi ń ru ẹ̀gẹ́ wálé. Afiss tó ń fi alùpùpù zẹmi rẹ̀ gbé èrò lọ sí Kútọnu sọ fún wa pé òun rí ọ ní Sèmè láàárọ̀ kùtùkùtù, o ń sáré létí títì, òun dúró, òun ní kí o gòkè kí òun gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́, o ní rárá, o ṣeun, o sì ń bá eré rẹ lọ. Ìyá rẹ kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ tó bá kọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́, nǹkan kan ń ṣe é. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ní eré ìje ọlọ́nà jíjìn ni, pé wọ́n máa ń sáré láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú, wọ́n á sì fi irin pẹlẹbẹ kan tó ní okùn kọ́ ẹni tó bá dé lọ́rùn. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ń fi irin náà ṣe nínú ilé. Jọ̀wọ́, bí o bá máa fèsì lẹ́tà yìí, bá mi fi èsì ìyẹn sí i.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an nìyí. Nígbà tí o pè mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ohùn rẹ kò dùn. O ní nǹkan mẹ́ta ló ń fà ọ́ síbí fà ọ́ sọ́hùn-ún: iṣẹ́ síìtì tí o ń ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ, eré ìje tí o ń múra fún, àti kẹ̀kẹ́ tí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ fẹ́ gùn láti Àjàṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa níbí, kí àwọn ẹlẹ́yinjú àánú lè dáwó fún ilé ìgbẹ̀bí wa tí kò ní omi. O ní oníbàárà kan ń bínú pé ìgbà gbogbo tí òun bá pè ọ́, orí kẹ̀kẹ́ lo máa ń wà. O ní ẹni tó ń kọ́ ọ léré náà ń bínú pé ìdí kọ̀ǹpútà lo máa ń jókòó sí. O ní ó jọ pé ti kẹ̀kẹ́ lo máa fi sílẹ̀, torí òun ni kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ lórí ẹ̀. Kí n tó dáhùn, o wá fi kún un pé, ṣùgbọ́n Bàbá, síìtì ilé ìgbẹ̀bí ti ṣetán, dómẹ́ẹ̀nì rẹ̀ ti wà lórúkọ wa, ébẹ̀jìmáà nìkan ló kù. Ibẹ̀ ni owó ìpè rẹ tán sí.

Ìwọ náà rò ó wò. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, bí òyìnbó bá ní síìtì, ibì kan ni. Bí wọ́n bá ní dómẹ́ẹ̀nì, ilẹ̀ ni, pàápàá ilẹ̀ ìjọba. Ébẹ̀jìmáà nìkan ni n kò mọ̀, mo bá lọ bi olùkọ́ ilé ìwé wa, ó ní kí á gba àlejò sílé ni, kí á fún un níbi tó máa sùn. Gbogbo rẹ̀ wá yé mi kedere. Ọmọ mi ti ra ilẹ̀ sẹ́bàá ilé ìgbẹ̀bí, ó ti fi orúkọ wa sí i, ó sì fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn aboyún tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá á máa sùn sí. Mo sunkún díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ náà sunkún, ó wá ní síbẹ̀ kò dáa kí ọmọ ra ilẹ̀ láìfi lọ òbí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú àdá, mo lọ wá síìtì náà. Mo yí ilé ìgbẹ̀bí ká lẹ́ẹ̀mejì. N kò rí òkúta ààlà kankan, mo ní bóyá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kò tíì dé. Ṣùgbọ́n igbó kan wà lẹ́yìn ilé náà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, mo sì mọ̀ pé ọmọ mi kò ní ra ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èmi àti ìyá rẹ fi ṣán an. A hú kùkùté, a gbá a mọ́ bí iwájú mọ́sáláṣí. Mo ri igi mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo wá fi èédú kọ ọ́ sára pákó pé SÍÌTÌ TI KAFILATH NÌYÍ, A KÒ TÀ Á.

Bí a ṣe ń mu omi níbẹ̀ lọ́jọ́ kẹta ni Chitou dé. O mọ Chitou, èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ kéwú ni, a jọ jẹ ẹgba lọ́wọ́ àfáà kan náà. Ó ka pákó náà, ó tún un kà, ó wá bi mí pé ta ló tà á fún mi, pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Mo ní ọmọ mi ló rà á ní Akron, pé kọ̀ǹpútà ló fi rà á. Ó ní kí n lọ bi kọ̀ǹpútà náà bóyá ó mọ ẹni tó gbin ọ̀pẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn mi yẹn. Ọ̀rọ̀ wá di ariwo. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ nípa bàbá rẹ̀, òun náà sọ nípa tèmi. Ọjọ́ mẹ́rin ni a kò kí ara wa. Nínú mọ́sáláṣí, ó kúrò nínú sàfú, ìlà tí a jọ máa ń dúró sí láti ogún ọdún, ó lọ sí ẹ̀yìn. Kafilath, ìyẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ.

Baálẹ̀ pè wá. Agbẹ̀bí wa, Màdámù Ìbídùn, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ìjọba gbé wá sọ́dọ̀ wa, wá síbẹ̀ pẹ̀lú, torí ó ní ariwo wa kò jẹ́ kí àwọn tó ń rọbí gbọ́ ohun tí òun ń sọ fún wọn. Mo ro ẹjọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo dé ibi ébẹ̀jìmáà, obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó dìde, ó jáde. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó yọ tẹlifóònù rẹ̀, ó ní, Bàbá Kafilath, ẹ wò ó, síìtì náà nìyí.

Mo wò ó. Mo rí ilé ìgbẹ̀bí wa pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Mo rí ọ lórí kẹ̀kẹ́, o dé fìlà kan bí igbá. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń gbà wọlé, ó ní ìka ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Baálẹ̀ bi í bóyá ó máa gba gbogbo wa, ó ní ó máa gba gbogbo ayé. Ó wá là á yé wa pé dómẹ́ẹ̀nì kì í ṣe ilẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ibẹ̀ ni, àti pé síìtì náà fúnra rẹ̀ ni àlejò, pé ó ń wá ẹ̀rọ ńlá kan tó máa gbà á sílé ní ìlú òyìnbó, ó sì ti rí i. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí mo máa gbà jáde.

Ṣùgbọ́n Màdámù Ìbídùn kò tíì parí. Ó ń fi ìka fa nǹkan náà sókè, ó sì ń ka orúkọ àwọn tó ti dáwó sí i àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Aránṣọ kan wà ní Parakou. Ọkùnrin kan wà ní Faransé tó ní ìyá òun kú níbi tó ti ń bí àbúrò òun. Obìnrin kan kọ ọ́ pé òun kò mọ ìlú wa, ṣùgbọ́n òun mọ bó ṣe rí kí èèyàn ru omi pẹ̀lú oyún. Nígbà tó ka ìyẹn, Chitou sorí kọ́. O lè má rántí, o kéré nígbà náà: ọ̀nà odò ni ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí àbíkẹ́yìn wọn, pẹ̀lú korobá lórí. Ọlọ́run ló yọ àwọn méjèèjì. Ó wá sọ fún Baálẹ̀ pé ẹni tí kò mọ ibi tí a wà ti ṣe tirẹ̀, òun tí òun mọ ibẹ̀ wá ń jà lórí igbó. Ó ní òun fi ibi tí a ṣán náà fún ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní kí gbogbo ayé gbọ́ o, ilé ìgbẹ̀bí ni òun fún, òun kò fún Soumanou. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, ó tẹ ìka sí i, èmi náà tẹ ìka gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí a jáde, ó di apá mi mú, ó bi mí bóyá èédú ni mo fi kọ pákó náà lóòótọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé mi kò burú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí nìyí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, àwọn tí ẹgbẹ́ rẹ bá sọ̀rọ̀, dé láìrò tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìlú mìíràn wà tó ń dúró de ẹ̀rọ àwọn, pé bí kò bá sí ilẹ̀ tó mọ́, tó ní ìwé, tó sì jìnnà sí ṣáláńgá, àwọn ń lọ nìyẹn. Màdámù Ìbídùn tẹ́ ìwé Chitou sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀gá wọn rin ibi tí a ṣán já, ó ní ta ló bá wa tún ibí ṣe báyìí. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo ní ọmọ mi ló rán mi níṣẹ́. Lánàá, omi jáde. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹrẹ̀, ó pọ́n, ó wá funfun. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ó ní kò ní ìtọ́wò irin.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tó máa fa omi náà àti àgbá ńlá tó máa gbà á ló kù, Màdámù Ìbídùn sì sọ fún mi pé owó kẹ̀kẹ́ yín ni wọ́n ń retí fún ìyẹn. Títí di ìgbà náà, wọ́n ti fi ìdérí bo ihò náà. Èmi kò fi ipá mú ọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe oko mi. O mọ̀ pé àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà ni mo máa ń gbìn sí ilẹ̀ kan náà, n kò sì retí kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbó lóṣù kan. Nígbà tí àgbàdo ń lo agbára rẹ̀, ẹ̀gẹ́ á máa rọra ta lábẹ́ ilẹ̀, mi ò ní lọ máa hú u wò lójoojúmọ́. Sọ oṣù tó jẹ́ tirẹ̀ fún oníbàárà rẹ. Sọ tirẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ ọ léré. Bí kò bá yé e, ní kó wá sí oko mi, n óò fi hàn án. Èèyàn kì í bínú bó bá mọ ìgbà tí yóò kan òun.

Màdámù Ìbídùn tún fún mi ní fíìṣì kan, ìwé tí a fi ń forúkọ sílẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ yín ní ẹni tó bá fẹ́ lè bá yín gun kẹ̀kẹ́ láti oríta Ṣákẹ́tẹ́ dé ibí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí i. Wọ́n ní kí n yan ìpele mi, wọ́n kọ fẹ́tẹ́ráà, bí ẹni ń pe sójà àtijọ́, sí iwájú ọjọ́ orí mi, mo fagi lé e torí n kò jagun rí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló jagun. Wọ́n bèèrè ẹni tí wọ́n máa kìlọ̀ fún nítorí jàǹbá, mo kọ Chitou, torí òun ni kì í wo iwájú lórí alùpùpù rẹ̀. Wọ́n bèèrè àkókò tí mo rò pé n óò fi dé, mo kọ lẹ́yìn ìrun àsárì, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìyá rẹ ti rí ṣòkòtò fífún tí o wọ̀ nínú síìtì, ó ti rán ìró kan tó máa wà lórí rẹ̀. Mo ní ṣéènì máa fà á ya. Ó ní kí ṣéènì gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Fi owó táyà méjì ránṣẹ́ sí mi fún kẹ̀kẹ́ mi, àti ti búrẹ́ékì, torí ẹsẹ̀ ni mo fi ń dá a dúró báyìí, bàtà mi sì ti lu. Bí ọwọ́ rẹ bá tún gbà, ìyá rẹ ń fẹ́ jígí ojú.

Ọlọ́run á la ọ̀nà iṣẹ́ rẹ. Àwọn oníbàárà rẹ á máa fi ẹ̀rín wá, wọ́n á fi ẹ̀rín lọ. Orúnkún rẹ kò ní yẹ̀, táyà rẹ kò ní bẹ́ níbi tí kò sí ẹni. Wàá gbó, wàá tọ́, àwọn ọmọ rẹ á sì mọ ìdí tí o fi ń sáré ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ohun kan ló kù. Mo mọ̀ pé o yára jù mí lọ. Bí ẹ bá dé oríta lọ́jọ́ náà, jọ̀wọ́, má ṣe fi mí sílẹ̀. Gbogbo ibi tí o ti ń sáré dé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí wá, àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ ló ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. N kò tíì wà níbẹ̀ rí kí n rí ọ bí o ṣe ń dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Soumanou